Òkúta Síléètì fún Òrùlé àti Ògiri: Ohun tí Mo Rí Lásìkò tí Ọrọ̀ Ajé Dẹnu Kọlẹ̀

Òkúta síléètì ni mo fi bo orí ilé mi, mo sì fi bo ọ̀kan nínú àwọn ògiri rẹ̀, ní àkókò tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti dá ilé kíkọ́ dúró. Òkúta náà fúnra rẹ̀ kò já mi kulẹ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á fojú sí ni àwọn nǹkan tí olówò ń dín kù kí iye tó pè é lè mọ níwọ̀n, nítorí pé ọ̀dá owó kì í sọ òkúta di aláìdára; ọwọ́ tó yẹ kó ṣà á, kó tò ó, kó sì kàn án dáadáa ni ó máa ń mú lọ.

Ẹrẹ̀ ayé ọjọ́un tí ìwúwo ilẹ̀ àti ooru tẹ̀ pọ̀ títí ó fi di líle ni síléètì, ìdí nìyí tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà fi lè fi irin pẹlẹbẹ àti òòlù là á sí ewé-ewé. Èyí tí wọ́n ń fi bo òrùlé sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 5 sí 8. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀ lágbàáyé lónìí ń ti Sípéènì wá, pàápàá láti Galicia. Nínú tọ́ọ̀nù 10 tí wọ́n bá wà jáde, ó ṣòro kí tọ́ọ̀nù 1 di ohun títà. Ìyókù á di òkìtì àfọ́kù lẹ́bàá kòtò, bí irú àwọn tó ga bí òkè ní àríwá Wales ní Bìrìtéènì, ní agbègbè tí UNESCO fi sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2021. Nígbà tí ọjà bá ń tà, ilé iṣẹ́ lè ju èyí tí kò dán mọ́rán nù láìbojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ọjà bá kùtà, tí wọ́n sì ti dá àwọn tó ń ṣa òkúta dúró, díẹ̀ nínú ohun tó yẹ kó lọ sórí òkìtì á bá ara rẹ̀ nínú àpótí oníbàárà. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ kì í sì í tètè padà: lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ kòtò síléètì Penrhyn ní Wales, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1900 tó sì parí ní 1903, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ti lọ sí gúúsù lọ wa èédú ni kò padà sídìí síléètì mọ́.

Irú òkúta tí wọn kò ṣà dáadáa bẹ́ẹ̀ gan-an ló dé ọwọ́ mi. Nígbà tí a ṣí àpótí àkọ́kọ́, a rí i pé òkúta tó nípọn àti èyí tó fẹ́lẹ́ ti dà pọ̀ mọ́ra. Ọ̀gá oníṣẹ́ tó ń bá mi bo òrùlé dojú korobá kan dé, ó jókòó lé e, ó sì ń fi ìka méjì gbé òkúta kọ̀ọ̀kan sókè, á fi oríkèé ìka kàn án, á sì tẹ́tí. Èyí tó pé dún gooro. Èyí tó ti sán nínú, tí ojú kò lè rí, dún bí ìgbà tí ènìyàn kan igi tútù. Ó pín èyí tó dára sọ́nà mẹ́ta: èyí tó nípọn jù fún ìsàlẹ̀ létí òrùlé, èyí tó wà láàárín fún àárín, èyí tó fẹ́lẹ́ fún òkè. Ọjọ́ méjì gbáko ni iṣẹ́ yìí gbà, bẹ́ẹ̀ ni èmi ni mo san owó rẹ̀. Olùtà náà pààrọ̀ àwọn tó sán fún wa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dá owó ọjọ́ méjì yẹn padà.

Àwọn kan tún ní èérún tó ń tàn bí wúrà lára. Irin àti ìmí-ọjọ́ ló para pọ̀ di èyí. Irú kan nínú rẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n irú mìíràn máa ń dípẹtà, á ṣàn sílẹ̀ bí omi pupa, ó sì lè lu òkúta náà já. Nítorí náà, ẹ má ṣe rà á láìbéèrè ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ lábẹ́ ìlànà ìdíwọ̀n ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 12326, kí ẹ sì wo bóyá T1, èyí tó dára jù, ni wọ́n kọ síbẹ̀. T2 túmọ̀ sí pé àbàwọ́n lè ṣàn. T3 ni èyí tí ìpẹtà rẹ̀ lè dá ihò sí òkúta lára.

Olùtà náà tún fẹ́ kí n fi ìṣó irin lásán dípò ìṣó bàbà, ó ní ìnáwó á dín kù. N kò gbà, inú mi sì dùn pé n kò gbà. Síléètì tó dára lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún lórí ilé, ṣùgbọ́n tí ìṣó bá ti jẹrà, òkúta tí kò ní àléébù kankan á máa yọ̀ bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni bí òkúta ṣe ń gùn lé ara wọn: ìlà òkúta kẹta gbọ́dọ̀ bo orí ìlà kìíní díẹ̀, ẹni tó bá sì gé ìgùnléra yìí kúrú kí òkúta lè dín kù ti ṣílẹ̀kùn fún òjò tí afẹ́fẹ́ ń gbá wọlé.

Ní ti ògiri, ó rẹwà lójú mi ju òrùlé lọ, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ máa ń dúdú mọ́nrán tí òjò bá rọ̀ sí i. Irin tí kì í dípẹtà ló gbé e ró, àlàfo afẹ́fẹ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ọ̀rinrin má baà há sínú ògiri. Síbẹ̀, tí owó kò bá tó nǹkan, ògiri ni kí ẹ fi sílẹ̀, kì í ṣe òrùlé. Òkúta tó wà nísàlẹ̀ ògiri ń rí ìkọlù kẹ̀kẹ́, àkàbà àti bọ́ọ̀lù ọmọdé, mẹ́rin nínú tèmi sì ti là.

Òrùlé náà ti gba òjò ọdún méjì, omi kò kán sínú àjà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ògiri kejì ṣì wà láìbò. Nígbà tí owó bá wọlé, n ó padà sọ́dọ̀ olùtà kan náà, nítorí òkúta rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n èmi àti ọ̀gá oníṣẹ́ yẹn ni a ó jọ lọ, a ó sì ṣí gbogbo àpótí níbẹ̀ kí n tó sanwó.