Kásẹ́ẹ̀tì CR, Pánẹ́ẹ̀lì GOS àti Pánẹ́ẹ̀lì CsI: Èwo Ni Kí Ilé Ìwòsàn Yín Rà Fún X-ray?

Ohun mẹ́ta ni ẹni tó fẹ́ kúrò nídìí fíìmù àti yàrá òkùnkùn lè rà láti máa fi gba àwòrán X-ray: kásẹ́ẹ̀tì CR (àpótí pẹlẹbẹ tó ní awo tó ń tọ́jú àwòrán títí ẹ̀rọ yóò fi kà á), pánẹ́ẹ̀lì DR (èyí tó ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀) tó ní GOS (gadolinium oxysulfide) nínú, àti pánẹ́ẹ̀lì DR tó ní CsI (cesium iodide) nínú. Kí ẹ tó béèrè owó, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ìtànṣán tí aláìsàn yóò gbà sára kí àwòrán rẹ̀ tó mọ́, nítorí pé orí èyí ni mo gbé ìdájọ́ mi lé.

Kásẹ́ẹ̀tì CR, tí ilé iṣẹ́ Fuji ti ilẹ̀ Japan gbé wá sọ́jà ní ọdún 1983, máa ń wọ inú ẹ̀rọ tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ láìsí àtúnṣe. Àmọ́ lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ ní láti gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà kà á kí ó tó lè tún un lò. Eruku sì ni ọ̀tá rẹ̀. Mo ti rí ẹyọ eruku kan lórí awo CR tó yọ ní funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíndìnrín aláìsàn kan, tó jọ òkúta gan-an. Ìgbà tí a nu awo náà tí a tún àwòrán yà ni òtítọ́ tó hàn, aláìsàn sì ti gba ìtànṣán ẹ̀ẹ̀kejì láìnídìí.

Ní ti DR, àwòrán máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ohun tó ya GOS àti CsI sọ́tọ̀ ni ìpele tó ń sọ ìtànṣán di ìmọ́lẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú ni GOS, ìmọ́lẹ̀ a sì máa fọ́n káàkiri nínú rẹ̀ bí iná mọ́tò nínú kùrukùru òwúrọ̀ ọyẹ́. CsI máa ń hù ní abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ṣánṣán bí ọwọ̀ tí a dì pọ̀, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan a sì darí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tààrà sísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtànṣán díẹ̀ fi ń tó o. Ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní DQE nínú ìwé àlàyé ẹ̀rọ, èyí tó ń sọ bí pánẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo ìtànṣán tó bà á dáadáa tó: ti CsI sábà máa ń lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún, ti GOS kì í sì sábà kọjá 40. Bí àwọn ọmọdé bá pọ̀ nínú àwọn tí ẹ ń yà, CsI ni kí ẹ rà, kódà bí ó tilẹ̀ wọ́n jù.

Àmọ́ ọ̀rinrin máa ń ba CsI jẹ́ bí ìdè pánẹ́ẹ̀lì bá là, GOS sì ń fara dà á. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àgbàlagbà, GOS yóò tó yín. CR sì yẹ ibi tí aláìsàn kò pọ̀ lóòjọ́.

Gíláàsì ló wà nínú ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì, nítorí náà ẹ béèrè bóyá ìwé àdéhùn gba ìjábọ́ mọ́ra. Àwọn tí wọ́n fi ike rírọ̀ ṣe dípò gíláàsì fúyẹ́ jù, wọn kì í sì í tètè fọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ontajà gbé pánẹ́ẹ̀lì méjèèjì wá sídìí ẹ̀rọ tiyín, kí ẹ ra bọ̀kọ̀tọ̀ kan lọ́jà, kí ẹ yà á lórí méjèèjì pẹ̀lú kV (agbára ìtànṣán) àti mAs (iye ìtànṣán) kan náà, kí ẹ sì wo èyí tí fọ́nrán inú egungun ti hàn kedere jù.