git/fs inú git9: ìtàn iṣẹ́ tó di fódà

Ẹni tó ti pẹ́ tó ń lo git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn àyípadà inú fáìlì, mọ̀ pé kí a tó lè wo bí fáìlì kan ṣe rí lóṣù tó kọjá, àfi kí a há àṣẹ kan sórí pẹ̀lú gbogbo àmì tó ń tẹ̀ lé e. Àwọn tó ṣe git9, ìyẹn git tí wọ́n tún kọ láti ìpìlẹ̀ fún 9front, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí òun náà jẹ́ ọmọ Plan 9 ti Bell Labs, kò gba ọ̀nà yẹn. Ètò wọn tó ń jẹ́ git/fs máa ń tẹ́ gbogbo ìtàn iṣẹ́ síwájú ẹni ní /mnt/git bí fódà lásán.

Commit kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ipò iṣẹ́ tí a fi pamọ́ nígbà kan, di fódà tó ní fáìlì author (ẹni tó kọ ọ́), msg (ọ̀rọ̀ tó bá a rìn), hash (àmì ìdánimọ̀ rẹ̀) àti parent (commit tó ṣáájú rẹ̀), pẹ̀lú fódà tree tí gbogbo fáìlì ìgbà náà wà nínú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ ka ọ̀rọ̀ tí a kọ sí commit tó kẹ́yìn, cat /mnt/git/HEAD/msg ti tó. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé grep tó ń wá ọ̀rọ̀ àti diff tó ń fi fáìlì wéra, tí wọn kò mọ git rí, lè ṣiṣẹ́ lórí ìtàn náà láìsí àtúnṣe kankan.

Kíkà nìkan ni git/fs gbà wá láyè, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí pé inú ohun tí commit ní ni a ti ń ṣírò hash tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan padà níbẹ̀, commit mìíràn ló ṣe.

Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìrìn láti commit kan dé èkejì. Commit tó so ẹ̀ka méjì pọ̀ ní òbí méjì, ṣùgbọ́n fódà kì í ní ju òbí kan lọ, nítorí náà hash lásán ni fáìlì parent ń fúnni, kí oníkálukú máa tọ ipa rẹ̀ lọ. Wọ́n fi git/query dí àlàfo náà, torí pé git/query -p HEAD^ yóò sọ fódà tó yẹ kí a wọ̀. Ẹ má ṣe fi grep wá ọ̀rọ̀ káàkiri inú /mnt/git/object, fódà tí gbogbo commit wà nínú rẹ̀ o, nítorí fáìlì kan náà ni yóò máa kà léraléra lábẹ́ commit kọ̀ọ̀kan.

Plan 9 fúnra rẹ̀ ti ní /n/dump tipẹ́, níbi tí a ti to ẹ̀dà dísìkì sábẹ́ ọdún àti ọjọ́. Mo wá irú ètò bẹ́ẹ̀ nínú git/fs, n kò rí i.