Àyẹ̀wò rsync gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ fún kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmúdọ́gba fáìlì

Nínú gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tí mo ti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń mú kí fáìlì orí kọ̀ǹpútà méjì bára mu, kò sí èyí tí mo fẹ́ràn tó rsync, kò sì sí èyí tí àléébù rẹ̀ wúlò fún ẹ̀kọ́ tó o. Andrew Tridgell àti Paul Mackerras ló ṣe é, ọdún 1996 ni wọ́n gbé e jáde. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á.

Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ ṣeé fi hàn lójú pátákó. Kọ̀ǹpútà tó fẹ́ gba fáìlì á pín ẹ̀dà àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ègé ègé, á ṣírò nọ́ńbà méjì fún ègé kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan yá ṣírò ṣùgbọ́n ó lè ṣini lọ́nà, èkejì ń gba àkókò ṣùgbọ́n ó ṣeé gbára lé, á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà tó ní ẹ̀dà tuntun, kí ìyẹn lè wá ègé tó bára mu, kó sì fi ohun tí kò bára mu nìkan ránṣẹ́ padà. Mo máa ń ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi lẹ́tà kan ṣoṣo kún ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì gígùn kan. Bí a bá fi ègé kìíní wé ègé kìíní, tí a fi ìkejì wé ìkejì, kò ní sí èyí tó bára mu mọ́, nítorí lẹ́tà kan yẹn ti ti gbogbo ìyókù síwájú. Ṣùgbọ́n rsync máa ń wo fáìlì tuntun náà láti báìtì dé báìtì, ìyẹn ẹyọ dátà kékeré inú fáìlì: bó bá sún síwájú, á yọ báìtì tó bọ́ sẹ́yìn kúrò nínú ìṣirò, á fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kún un, kò ní tún gbogbo ègé náà ṣírò. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìyọkúrò àti àròpọ̀ yìí lórí ìwé ni ọ̀rọ̀ náà tó máa ń yé e.

Ibì kan wà tó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́. Bí fódà méjèèjì bá wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà, rsync kì í lo ọgbọ́n yìí àyàfi tí a bá fi --no-whole-file sí àṣẹ náà. Odidi fáìlì ló máa ń dà kọ. Èmi àti kíláàsì kan ti lo odidi wákàtí kan rí láti wá àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀, títí a fi lo --stats, tó ń fi iye ohun tí rsync ṣe hàn, tí a rí i pé òdo ni iye báìtì tó bára mu.

Àléébù rẹ̀ gan-an ni pé kò ní ìrántí. Ká ní fáìlì kan wà ní fódà kìíní, tí kò sí ní ìkejì: ṣé ibi kìíní ni wọ́n ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a ni, àbí ibi kejì ni wọ́n ti pa á rẹ́? Lójú rsync, ohun tí orísun, ìyẹn fódà tí a ń dà kọ, bá ní ni òótọ́. Unison, ètò ìmúdọ́gba mìíràn tí Benjamin Pierce ti University of Pennsylvania ṣáájú iṣẹ́ rẹ̀, máa ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí nǹkan ṣe rí nígbà tí fódà méjèèjì bára mu kẹ́yìn. Bí fáìlì náà bá wà nínú àkọsílẹ̀ tí kò sì yí padà ní ibi kìíní, a jẹ́ pé wọ́n pa á rẹ́ ní ibi kejì ni. Bí kò bá sí níbẹ̀, tuntun ni. Bí ẹnì kan bá ti tún un ṣe tí ẹlòmíràn sì ti pa á rẹ́, olùlò ni yóò pinnu.

Nítorí náà, rsync ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo máa ń ní kí wọ́n kọ ètò kékeré tiwọn tó ní àkọsílẹ̀, pẹ̀lú òfin kan tí n kò gbà kí wọ́n rú: fáìlì gbọ́dọ̀ ti dé tán kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ náà. Kóòdù rsync fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lè kà tán lọ, fáìlì méjì péré nínú rẹ̀, match.c àti checksum.c, ni mo máa ń ní kí wọ́n kà, kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀síwájú fi generator.c kún un.