Òkè Olúmọ àbí Òkè Ìdànrè: ibo la ó kó àwọn ọmọ lọ?

Bí ọmọ yín bá kéré, Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ fi ihò àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun hàn án, kó bẹ̀rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Láti orí òkè, ẹ ó máa wo òrùlé páànù ìlú lọ súà.

Ìdànrè ní tirẹ̀, ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le ló yẹ, torí àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Ṣùgbọ́n odindi ìlú àtijọ́ ló wà lókè: ààfin, ilé ẹjọ́, àti ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ńlá tàbí kékeré. Gbogbo ọmọ ló máa ń fẹ́ wọ̀n ọ́n wò! Ìdànrè lèmi yàn. Ẹ ṣáà gbé omi dání.