Wákàtí 53 nínú Cessna 152: ibi tí mo ti háyà báàlù lẹ́yìn Houston

Àwọn èèyàn ti ń bi mí tipẹ́ pé ibi tí mo ti lọ háyà báàlù kó wákàtí fífò jọ yẹn, ṣé ó dáa àbí kò dáa. Ó dáa, àmọ́ ó ní ibi tó kù sí, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀ fún wọn.

Mo ti gba láísẹ́ǹsì commercial, tó ń jẹ́ kéèyàn fò gbowó, àti ti instrument, tó ń jẹ́ kéèyàn fò nínú ìkùukùu, kí n tó débẹ̀, wákàtí 260 ló wà nínú logbook mi, ìyẹn ìwé tí mo ń kọ wákàtí sí, iṣẹ́ jẹ́ẹ̀tì aládàáni ni mo sì ń wá, àwọn báàlù tó ń gbé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ káàkiri yẹn. Tó bá jẹ́ ti òfin Amẹ́ríkà nìkan ni, ìwé méjèèjì yìí, tí ti ẹlẹ́ńjìnnì méjì bá wà lórí ẹ̀, ti tó kí wọ́n gbà ẹ́ kí wọ́n sì kọ́ ẹ láti jókòó bíi copilot, ṣùgbọ́n ìnṣọ́ránsì ò ní gbà, ẹni tó ni báàlù ò sì ní gbé jẹ́ẹ̀tì tí ìnṣọ́ránsì ò gbà sókè torí tìẹ. Láti jẹ́ captain ní káńpìnnì charter, àwọn tó ń fi báàlù gbé èèyàn fún owó, òfin ní wákàtí 500 tó bá jẹ́ pé ojú ọjọ́ tó mọ́ nìkan lo máa fò, 1,200 tó o bá máa wọ inú ìkùukùu, tó bá wá jẹ́ jẹ́ẹ̀tì tó ń gbé èrò, àfi kó o ní ATP, láísẹ́ǹsì tó ga jù fún awakọ̀ òfurufú, ìyẹn wákàtí 1,500. Ẹ wá wo 260 tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn.

Ìdí nìyẹn témi àti ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, fi jọ ra wákàtí 60 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń háyà báàlù yìí, dọ́là 125 fún wákàtí kan, epo wà nínú ẹ̀, dọ́là 3,750 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bá a ṣe ń ṣe é ni pé ẹni tó ń wa báàlù á fi nǹkan bojú kó má bàa rí ìta, irinṣẹ́ iwájú ẹ̀ nìkan lá máa wò, ẹnì kejì á máa bá a ṣọ́ òfurufú, àwọn méjèèjì á sì kọ wákàtí yẹn sílẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹni tó ń ṣọ́nà ò lè kọ ìgbà tí ojú ẹnì kejì ṣí sílẹ̀, bíi ìgbà tẹ́ ẹ ń gbéra àti ìgbà tẹ́ ẹ ń balẹ̀, kò sì lè kọ ọ́ sí cross-country, ìyẹn wákàtí ìrìn àjò láti ìlú kan sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ 60 gbáko. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, 53 ni mo kọ, torí tí wọ́n bá pè ẹ́ fún interview, logbook yẹn ni wọ́n máa ṣí níwájú ẹ, ẹni tó sì ń ṣí i ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Báàlù wọn ti dàgbà ṣùgbọ́n wọ́n ń tọ́jú ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ti rọ̀ mọ́jú, mo fi ike fa epo lábẹ́ apá òsì, mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, epo ọ̀hún búlúù bó ṣe yẹ kó rí àmọ́ omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fà á kó tó mọ́. Mo lọ sọ fún mẹkáníìkì wọn, bàbá àgbàlagbà kan, kò bá mi jiyàn, ó kàn gun àkàbà lọ wo ìdérí táńkì, ó rí i pé rọ́bà ẹ̀ ti gbó, ó pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó tó jẹ́ ká gbéra. Torí bàbá yẹn nìkan, mo lè bá wọn pọ́n ibẹ̀ lé. Wọ́n tún máa ń fún wa ní kọ́kọ́rọ́ lálẹ́, 11 nínú wákàtí mi ló jẹ́ ti òru, àwa tá à ń wá wákàtí òru 100 tí ATP ń béèrè mọ iyì ẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé a wakọ̀ débẹ̀ láti Dallas lọ́sẹ̀ kẹta, a bá báàlù nínú ṣọ́ọ̀bù, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún un ní gbogbo wákàtí 100 ti pé. Míítà ló ń ka wákàtí yẹn, wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọn ò pè wá. Ọjọ́ mẹ́rin la fi sanwó hòtẹ́ẹ̀lì lásán, wọ́n sì ní owó tá a ti san sílẹ̀ ò ṣeé gbà padà. Ìyẹn ò dáa rárá, mo sọ ọ́ lójú wọn.

Oòrùn August nìkọ́? 152 ò lágbára, horsepower 110 péré ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi sì sanra, torí náà epo gálọ́ọ̀nù 18 ló kù tá a lè gbé, tó bá ti di ọ̀sán kó tó gbéra nílẹ̀ ìdààmú ni. Wọn ò tún ní báàlù ẹlẹ́ńjìnnì méjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn tó ní King Air, báàlù ẹlẹ́ńjìnnì méjì kan, tàbí jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa bi ẹ́.

Tó bá jẹ́ láti 260 sí 313 bíi tèmi ni, ẹ lọ síbẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sókè, ẹ gba CFI, láísẹ́ǹsì olùkọ́ awakọ̀ òfurufú, kí wọ́n máa sanwó fún yín bẹ́ ẹ ṣe ń fò, òun ni mò ń kàwé ẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Mo ṣì máa padà lọ háyà wákàtí 20 sí i ní January tí ooru bá ti lọ, àmọ́ wọ́n máa kọ ọjọ́ àyẹ̀wò báàlù sórí ìwé kí n tó san kọ́bọ̀.