Písítìn àti sìlíńdà ẹ̀rọ agégi: èwo ni ká rà, èwo ni ká fi sílẹ̀?

Kí ẹ tó gbé owó lọ sí Akúrẹ́ tàbí Ìlọrin, ẹ tú sàìlẹ́ńsà ẹ̀rọ yín kúrò, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú ihò èéfín, kí ẹ wo ara písítìn dáadáa. Àpá tó wà lára rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ẹ máa rà. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí èéfín nìkan ló ha, ooru ló pa á: bóyá ọ́ìlì kéré nínú epo, bóyá kabúrétọ̀ ń fún un ní epo díẹ̀ jù, bóyá afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀bùrú wọlé. Bí àpá bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀, tó dà bíi pé wọ́n fi yanrìn ha á, eruku ọyẹ́ ni. Fílítà ti ya, tàbí kò jókòó dáadáa. Bí ó bá ha yípo, ẹnì kan ti da epo tí kò ní ọ́ìlì rárá sí i, tàbí lẹ́búlẹ́bú igi ti dí àárín àwọn ìyẹ́ sìlíńdà pa, tí atẹ́gùn kò ráyè tù ú lójú.

Písítìn tuntun tí a gbé sórí àìsàn àtijọ́ kò ní pẹ́ kó tó bá ti àkọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ẹ fi rọ́bà dí ojú èéfín àti ojú kabúrétọ̀, kí ẹ fún afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ dé 0.5 bar, kí ẹ fi omi ọṣẹ pa ìdí sìlíńdà, rọ́bà kabúrétọ̀ àti ọ́ìlì síìlì méjèèjì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá kíránkì. Ibi tó bá ń hó ni ọ̀tá wà. Síìlì méjì kò wọ́n tó sẹ́ẹ̀tì tuntun kan, ìyẹn písítìn pẹ̀lú sìlíńdà rẹ̀.

Písítìn àti ríńgì nìkan

Fún ẹni tó ń la pákó lójoojúmọ́ ní Bùnú tàbí Yàgbà, èyí ni a kọ́kọ́ máa ń gbà nímọ̀ràn, pàápàá bí sìlíńdà orijínà bá ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Sìlíńdà tó burú lójú lè máà tíì bàjẹ́. Alumíníọ̀mù tó yọ́ lára písítìn ló lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀. Ìbora líle tó wà lábẹ́ lè wà ní pípé.

Ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìsì ló ń tú alumíníọ̀mù yẹn, kì í ṣe ti bátìrì. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ẹ ṣe é níta gbangba, ẹ fi òwú rọra tọ́ ọ sórí ibi tó lẹ̀ nìkan. Yóò máa hó. Nígbà tó bá dákẹ́, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi sáńpépà 400 yí i lókè-nísàlẹ̀ ní dídábùú. Bí ó bá ń hó tí kò dákẹ́, ìbora ti tán níbẹ̀, sìlíńdà fúnra rẹ̀ ni ásíìdì ń jẹ. Ẹ dúró, ẹ lọ ra òmíràn. Sìlíńdà àtijọ́ tí wọ́n fi kíróòmù bò kò gbọdọ̀ rí ásíìdì yìí rárá, nítorí ó máa ń jẹ kíróòmù. Sáńpépà àti sùúrù ni tirẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi èékánná wọ́ ògiri náà. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, ríńgì náà yóò kọ́ níbẹ̀.

Tí sìlíńdà bá yege, písítìn Meteor àti ríńgì Caber, tí wọ́n ń ṣe ní Ítálì, kì í ṣe ti Stihl tó ṣe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ó tó gbọ́kàn lé. Ẹ mú písítìn àtijọ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọn fífẹ̀, ẹ wọn gíga láti ojú ihò píìnì dé orí, ẹ sì wọn píìnì fúnra rẹ̀: ẹ̀rọ Stihl 044, fún àpẹẹrẹ, ní onípíìnì mílímítà 10, ó tún ní ti 12, orúkọ kan náà ni ọlọ́jà ń pe méjèèjì.

Sẹ́ẹ̀tì orijínà

Òun ló wọ́n jù, òun náà ni kò ní wàhálà. Ó yẹ ẹ kìkì bí ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ bá ṣì le. Ẹ di kọ́nírọ́ọ̀dù, ọ̀pá tí písítìn wà lórí rẹ̀, mú, ẹ fà á sókè, ẹ tì í sísàlẹ̀. Bí ó bá dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, bíárìn ti ń kú. Ẹ má gbé owó gidi lé orí òkú.

Sẹ́ẹ̀tì Ṣáínà

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa rà, a kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó ń gé igi ìdáná, tó ń ṣán oko kajú, tó ń lo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí orijínà kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú irin. Inú ìparí iṣẹ́ ló wà. Wọ́n kì í yanjú etí rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ máa bá wọn parí iṣẹ́ náà lórí tábìlì.

Ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ sìlíńdà, kí ẹ fi pa etí gbogbo ihò inú rẹ̀. Bí ó bá mú bí ọ̀bẹ, ríńgì yóò kọ́ síbẹ̀ yóò sì ṣẹ́, ègé rẹ̀ yóò sì ha ògiri láti òkè délẹ̀. Ẹ fi òkúta ìpọ́nrin kékeré tó kúnná rọra pa etí náà, kó lè dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Etí òkè àti etí ìsàlẹ̀ ihò èéfín ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má gbọ̀n ọ́n, ẹ má lù ú: ìbora tó bá fọ́ létí ihò kò ṣe é lẹ̀ mọ́. Nínú ọ̀nà tí epo ń gbà gòkè, ẹ lè rí èérún irin tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n ń da irin rẹ̀. Ẹ yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀, nítorí eruku òkúta ìpọ́nrin nìkan tó láti pa písítìn tuntun.

Ríńgì ló kàn. Ẹ fi ríńgì nìkan sínú sìlíńdà, kí ẹ fi orí písítìn tì í wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kó dúró déédéé. Ẹ fi fílà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọn àlàfo ẹnu rẹ̀: láàárín 0.2 sí 0.4 mílímítà ló dára. Bí ẹnu méjèèjì bá kan ara wọn, bí ó bá gbóná yóò nà, kò ní ríbi lọ, yóò ṣẹ́. Ẹ sì da kílíìpù píìnì tó bá a wá nù, ẹ ra ti orijínà; owó kékeré ni, kílíìpù burúkú tó bá já máa ń ba gbogbo sẹ́ẹ̀tì jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹnu kílíìpù gbọ́dọ̀ kọjú sókè tàbí sísàlẹ̀, kó má kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Ọfà orí písítìn gbọ́dọ̀ kọjú sí èéfín.

Bíìgì bọ́ọ̀

Sìlíńdà tí wọ́n fẹ̀ nínú ni èyí. Ìṣirò rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ bá ọkàn yín sọ̀rọ̀. 044 jẹ́ mílímítà 50 ní fífẹ̀ inú, sírọ́kù rẹ̀ (ìrìn písítìn láti ìsàlẹ̀ dé òkè) jẹ́ 36, ìyẹn 70.7 cc, bí a bá fẹ̀ ẹ́ dé 52, ó di 76.5. Stihl 660 jẹ́ 54, sírọ́kù 40, 91.6 cc, bí ó bá di 56, ó di 98.5. Ẹ̀bùn tí ẹ ń gbà jẹ́ nǹkan bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ìlọ́po méjì bí ọlọ́jà ṣe ń kígbe. 070 nìkan ni tirẹ̀ tóbi: mílímítà 58 ló jẹ́, 105.7 cc, sìlíńdà 090 jẹ́ 66, ó sì tó 136.8 cc pẹ̀lú sírọ́kù 40 kan náà. Ṣùgbọ́n kabúrétọ̀, fílítà àti sàìlẹ́ńsà kékeré tó wà lórí rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ inú rẹ̀. Bí epo kò bá tẹ̀ lé afẹ́fẹ́, orí písítìn yóò yọ́.

Ẹni tó ń fẹ́ agbára fún ìrókò tàbí apá, kó kọ́kọ́ pọ́n ṣéènì rẹ̀ dáadáa, kó sì la ẹnu sàìlẹ́ńsà díẹ̀. Ìyẹn pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì tó dọ́gba máa ń lé bíìgì bọ́ọ̀ olówó pọ́ọ́kú sẹ́yìn. Ẹ má yọ àwọ̀n tó ń dí iná lẹ́nu sàìlẹ́ńsà o. Igbó Kàbbà àti Ìjùmú nígbà ọyẹ́ kò gba ẹ̀ta iná kan ṣoṣo.

Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ ṣe ríbọ́ọ̀ (kí wọ́n fẹ̀ sìlíńdà àtijọ́ nínú) tàbí síliìfù (kí wọ́n ki ògiri irin tuntun bọ̀ ọ́), ẹ má gbà. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi ìbora bò ni sìlíńdà yìí, kì í ṣe irin bíi ti jẹnẹrétọ̀ ńlá. Bí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́, ìbora ti lọ.

Fífi í sí i

Àlàfo àárín orí písítìn àti òrùlé sìlíńdà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wọn. Ẹ ti okùn lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń jó wáyà, tó ki tó mílímítà 2, gba ihò pílọ́ọ̀gì wọlé títí yóò fi kan ògiri ní ẹ̀gbẹ́ tí píìnì wà, kí ẹ fọwọ́ yí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi fáníà, irin ìwọn mílímítà, wọn ibi tó tẹ́. Ẹ ṣe é ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Láàárín 0.5 sí 0.8 ló dára. Bí ó bá ju 1 lọ, ẹ lè yọ gásíkẹ́ẹ̀tì ìdí, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún wọn ọ́n. Tí ó bá kéré sí 0.5, wọn yóò máa gbá ara wọn nígbà tí ẹ̀rọ bá gbóná. Ẹ máa di bóòtù ní ìdàkejì-ìdàkejì, díẹ̀díẹ̀.

Fún epo, ọ́ìlì ẹ̀rọ sírọ́kù méjì ni kí ẹ lò: 40 mìlílítà sí lítà kan, ìyẹn 200 sínú lítà márùn-ún. Ọ́ìlì tó dára gan-an tí wọ́n kọ 50:1 sí lára nìkan ló lè lo 20. Ọ́ìlì mọ́tò kì í jó tán, ó máa ń di ẹ̀ẹ́dú sójú èéfín, ó sì máa ń lẹ ríńgì pọ̀. Ẹ ṣí ìdè H tó wà lára kabúrétọ̀ ní ìyípo kan, kí ẹ fetí sí i: bí ẹ bá tẹ gáàsì dé òpin láì gé igi, ó yẹ kí ohùn ẹ̀rọ máa kólòlò, kó sì mọ́ gaara nígbà tó bá wọ igi. Bí ó bá ń ké fíín tí kò kólòlò, epo kéré. Ẹ ṣí i díẹ̀ sí i. Táńkì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ fi gé igi ní ìbú, ẹ má tíì la pákó. Lẹ́yìn wọn, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tún bóòtù dì, kí ẹ wọn agbára fífún rẹ̀ (kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n) pẹ̀lú géèjì, gáàsì ní títẹ̀, okùn ní fífà bíi ìgbà mẹ́fà. 150 psi dára. Tí kò bá ti tó 110, ẹ tú u, ẹ wo ríńgì.

Ẹ bá ọlọ́jà sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó pé ẹ máa dá a padà bí etí ihò bá ti fọ́ tàbí ríńgì kò bá gba inú rẹ̀, ẹ sì wọn gbogbo rẹ̀ kí epo tó kàn án. Sẹ́ẹ̀tì tó bá ti rùn bẹntiróòlù, kò sí ọlọ́jà tó máa gbà á padà lọ́wọ́ yín.