Iná bátìrì àbí iná dáínámò: èwo ló yẹ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lóru?

Ìbéèrè nípa iná iwájú kì í tán lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ẹgbẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lálẹ́. Kí wọ́n tó bi mí, wọ́n á ti ka ara páálí tán: iye lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde), bí kò ṣe ń jẹ́ kí omi wọlé, bó ṣe fúyẹ́ tó. Mi ò ní padà sórí ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ fi wéra ni ìwà iná bátìrì tí à ń ṣájì àti ìwà iná dáínámò, èyí tí táyà iwájú ń pèsè agbára fún bó ṣe ń yí, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú biribiri tí ilé sì ṣì jìnnà. Mo ti lo méjèèjì pẹ́. Ọ̀kan nínú wọn já mi kulẹ̀ níbi tí kò yẹ, torí náà ibẹ̀ ni mo máa dúró sí jù.

À ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà igbó kan, a tò tẹ̀léra, èmi ni mo wà níwájú. Gbòǹgbò igi dábùú ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì. Páálí iná bátìrì tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ mi ṣèlérí wákàtí mẹ́ta, a ò sì tíì sún mọ́ ọn rárá. Ìmọ́lẹ̀ náà kàn já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò kìlọ̀, kò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ṣì ń rí ojú iná tó pọ́n níwájú mi, ilẹ̀ ni mi ò rí mọ́. Mo fún búréèkì, táyà ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì gbá tèmi. Ọlọ́run ló yọ wá. Nígbà tí mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èsì wọn ni pé iná náà ò bàjẹ́, pé bó ṣe yẹ kó ṣe ló ṣe. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn, torí pé ìlànà tí wọ́n fi ń wọn iná wà lẹ́yìn wọn.

ANSI FL1 ni wọ́n ń pe ìlànà náà. Òun ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń wọn tọ́ọ̀ṣì àti iná kẹ̀kẹ́. Lábẹ́ rẹ̀, wákàtí tí ẹ ń kà lára páálí á máa lọ títí ìmọ́lẹ̀ á fi ṣẹ́ ku ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa: iná tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1,000 lumen lè já sí 150 kí wákàtí kan tó pé, kó máa fi ìyẹn rá pálá fún wákàtí méjì sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ pé wákàtí mẹ́ta ló ń lò. Wọn ò parọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú igbó ò lè fi 150 lumen sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eré. Bátìrì lithium náà tún ń darúgbó. Lẹ́yìn ṣíṣájì ní kíkún bí ìgbà 300 sí 500, agbára tó lè gbà sínú máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá márùn-ún kan, òtútù sì tún ń gé e kúrú. Bó ṣe ṣe lóṣù tí ẹ rà á kọ́ ló máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra iná bátìrì, ẹ wá àwòrán tó fi bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣe ń rìn láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú hàn. Bí ilé iṣẹ́ náà ò bá gbé e síta, ẹ fi iná wọn sílẹ̀.

Ní ti dáínámò, ọ̀rọ̀ wákàtí ò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Èyí tó wà nínú họ́ọ̀bù iwájú, ìyẹn àárín gbùngbùn táyà, máa ń pèsè volt 6 àti watt 3 bí eré yín bá ti tó nǹkan bíi kìlómítà 15 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ṣe títí ẹ ó fi délé. Watt 3 kéré létí, ó sì kéré lóòótọ́ láyé gílóòbù àtijọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí iná LED tí kì í jẹ agbára púpọ̀ ti dé, ó tó ohun tí a fi ń rí kòtò kí a tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá dúró ní oríta, kàpásítọ̀ inú iná náà, tó ń tọ́jú agbára díẹ̀ pamọ́, á jẹ́ kó ṣì máa tàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àléébù rẹ̀ wà, mi ò ní fi pamọ́: bí ẹ bá ń gòkè olókùúta pẹ̀lú eré ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ìmọ́lẹ̀ á máa gbọ̀n, á sì rẹ̀ sílẹ̀. Iná kékeré kan lórí àṣíborí ló ń yanjú ìyẹn fún mi.

Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń dojú kọ náà ṣe pàtàkì, pàápàá lójú ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tóóró tí tàlọ-tàbọ̀ ti ń pàdé. Ọ̀pọ̀ iná bátìrì ń tú ìmọ́lẹ̀ ká bíi tọ́ọ̀ṣì, ìdajì rẹ̀ á sì lọ sójú ẹni tó ń bọ̀. Òfin ìrìnnà Jámánì, tí wọ́n ń pè ní StVZO, ní kí iná iwájú kẹ̀kẹ́ má fọ́ ẹlòmíì lójú, kó má sì máa ṣẹ́jú. Títí di 2013, dáínámò ni òfin yẹn kan nípá fún ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí iná dáínámò tó wà lọ́jà fi sábà máa ń ní ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n gé lórí, tó dojú kọlẹ̀. Iná bátìrì tó rí bẹ́ẹ̀ náà wà, ẹ kàn gbọ́dọ̀ wá a. Nínú igbó, ìmọ́lẹ̀ tí a gé lórí kì í fi ẹ̀ka igi tó rọ̀ wálẹ̀ hàn. Iná orí àṣíborí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún wúlò níbẹ̀.

Bí ẹ bá wà láàárín ẹgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí iná ẹ̀yìn yín máa ṣẹ́jú. Ẹni tó ń tẹ̀ lé yín fún wákàtí kan gbáko kò lè mọ bí àlàfo tó wà láàárín yín ṣe tó. Iná ẹ̀yìn dáínámò kì í ṣẹ́jú.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùrà kì í rò: iná dáínámò kò nílò kí ẹnikẹ́ni rántí láti tàn án, lọ́sàn-án àti lóru. Ní Odense, ní Denmark, láàárín 2004 àti 2005, agun-kẹ̀kẹ́ 3,845 kópa nínú ìwádìí kan. Wọ́n fún apá kan nínú wọn ní iná tí mágínẹ́ẹ̀tì ara táyà ń tàn nígbà gbogbo, apá kejì ò rí gbà. Ìjàǹbá tó ṣe ènìyàn léṣe fi ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín láàárín àwọn tó ní iná náà.

Owó: bátìrì kò wọ́n, dáínámò wọ́n, torí wọ́n ní láti tún táyà iwájú hun mọ́ họ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwọ̀n: dáínámò fi nǹkan bí ìdámẹ́ta kílò kún kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ yín ò ní mọ agbára tó ń fà lára bó bá ń tàn. Olè: bátìrì ni ẹ ó máa tú níbi gbogbo tí ẹ bá dúró sí. Bí ẹ bá ní kẹ̀kẹ́ méjì, bátìrì ló ń tẹ̀ lé yín láti ọ̀kan sí èkejì.

Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gùn lálẹ́, lójú títì tí iná ti wà, kó ra bátìrì, kó sì yan èyí tí bátìrì inú rẹ̀ ṣeé yọ pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń bá ẹgbẹ́ jáde léraléra, tàbí tí ọ̀nà yín gba ibi tó ṣókùnkùn, ẹ fi owó iná bátìrì kejì àti ìkẹta tí ẹ máa padà rà ra dáínámò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wọn àárín ẹsẹ̀ méjèèjì fọ́ọ̀kì yín, irin tó di táyà iwájú mú: mílímítà 100 ni ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ títì, 110 ni ti ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ igbó òde òní, họ́ọ̀bù ti ọ̀kan ò sì ní wọ èkejì. Nígbà tí wọ́n bá ń so ó, ẹ ní kí wọ́n fi wáyà náà gba ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì, kí wọ́n sì dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ lókè, kí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ má baà fà á já nígbà tí ẹ bá yí i.